Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Gbígbé Wáìnì Tẹni Wọ Ọkọ̀ Òkun Ìgbafẹ́

Ìbéèrè kìíní, láti Iléṣà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Ní oṣù tó ń bọ̀, èmi àti baálé mi yóò pé ogójì ọdún tí a ti ṣe ìgbéyàwó, ọmọ wa ọkùnrin tó wà ní òkè òkun sì fẹ́ kí àwa méjèèjì wá bá òun àti ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ láti Barcelona fún ọjọ́ méje. Ìgò wáìnì pupa kan wà nílé wa tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ti di olóògbé báyìí, gbé wá fún wa láti ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2009. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá wa ni a gbé e dúró sí láti ìgbà náà, a kò ṣí i, nítorí a ti sọ pé ọjọ́ ńlá kan ni a ó mu ún. Ọjọ́ náà ló dé yìí. Ọmọ mi ní àwọn ọkọ̀ kan kì í jẹ́ kí èrò gbé ọtí wọlé rárá, àwọn mìíràn sì ń gba owó lórí rẹ̀. Òun kò tíì yan ọkọ̀ tí a ó wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a lè gbé ìgò yìí lọ, báwo ni a ó sì ṣe gbé e tí wọn kò fi ní gbà á lọ́wọ́ wa?

Ìdáhùn

Màmá, ẹ kú oríire ogójì ọdún o, ẹ ó ṣe èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó di ẹrù, nítorí ojú ńláńlá ni àlejò ní, kò fi í ríran, kò sì sí ọkọ̀ òkun kan tí kò ní èèwọ̀ tirẹ̀.

Ó dára púpọ̀ pé ọmọ yín kò tíì yan ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Royal Caribbean gbà kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan tó ti tó ọjọ́ orí ọtí mímu gbé ìgò wáìnì tàbí ṣaǹpéènì kan ṣoṣo wọlé, ìgò tó gba mílílítà 750, ní ọjọ́ tí ó bá ń wọ ọkọ̀ nìkan. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, ìgò mẹ́rin ni ẹ lè gbé. Norwegian kì í ka iye ìgò, ṣùgbọ́n dọ́là 15 ni wọ́n ti ń gbà lórí ìgò mílílítà 750 kọ̀ọ̀kan, kódà bí ó bá jẹ́ pé inú yàrá yín ni ẹ ó ti mu ún. MSC ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí èrò gbé ọtí kankan wọlé. Èyí tí wọ́n bá rí, wọn yóò gbà á, ó sì di ìgbà tí ìrìn àjò bá parí kí ẹ tó tún fojú kàn án. Àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló ní ọkọ̀ tó máa ń gbéra láti Barcelona. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé wáìnì yìí ṣe pàtàkì sí yín bí ó ti hàn nínú lẹ́tà yín, ẹ ní kí ọmọ yín ka òfin ọtí ọkọ̀ kí ó tó sanwó, kí ó má jẹ́ pé lẹ́yìn tó bá ti sanwó tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á.

Owó tí wọ́n ń gbà lórí ìgò tí a kò rà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń pè ní kọ́kéèjì. Kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn gbọ̀ngàn àríyá kan nílé níbí náà ń gbà á lọ́wọ́ olóde tó bá fẹ́ pèsè ọtí fúnra rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun, bí ẹ bá mu wáìnì yín nínú yàrá, ẹ kò ní san nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e wá sí yàrá ìjẹun kí agbáwo ṣí i fún yín, kí ó sì fún yín ní ife, owó náà yóò wọlé sínú àkọsílẹ̀ gbèsè yàrá yín. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Carnival ń gba dọ́là 15 fún èyí. Èmi kò rí i bí ìrẹ́jẹ. Iṣẹ́ ni agbáwo ṣe, ife náà sì nílò fífọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jùlọ ni báàgì tí ìgò yóò wà nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èrò ti ń yẹ̀, èmi pàápàá sì wà lára wọn. Nínú ọkọ̀ òfurufú láti Èkó, ẹ kò lè gbé ìgò náà sínú báàgì ọwọ́, nítorí ohun olómi tó bá ju mílílítà 100 lọ kì í kọjá níbi àyẹ̀wò. Inú àpótí ńlá tí ẹ ó fi lé wọn lọ́wọ́ ni ó gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹ bá wá dé èbúté Barcelona, òdìkejì rẹ̀ ni. Àwọn aláàárù èbúté yóò gba àpótí ńlá lọ́wọ́ yín, wọn yóò tì í gba inú ẹ̀rọ tó ń yẹ inú ẹrù wò, ìgò tí wọ́n bá sì rí nínú rẹ̀ yóò dá gbogbo àpótí náà dúró. Báàgì ọwọ́ ni wáìnì gbọ́dọ̀ wà nígbà yẹn, kí ẹ̀yin fúnra yín gbé e kọjá níwájú wọn, kí ẹ sì sọ pé wáìnì ni.

Nígbà tí èmi kọ́kọ́ wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò mọ èyí. Mo fi ìró àdìrẹ àtijọ́ kan wé ìgò méjì, mo kì í sí àárín aṣọ nínú àpótí, mo sì ń lọ ní tèmi. Ilẹ̀ ṣú, àwọn yòókù ti pààrọ̀ aṣọ lọ sí ibi oúnjẹ alẹ́, àpótí tèmi kò dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ́hùn-ún ni mo ti lọ bá a, nínú yàrá tóóró kan tí àpótí kún inú rẹ̀, àwọn èrò bíi tèmi sì tò síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi wọ ọkọ̀ láàárọ̀. Wọ́n ní kí n ṣí i fúnra mi. Mo tú ìró náà lójú gbogbo èèyàn, wọ́n kọ nọ́ńbà yàrá mi mọ́ ìgò méjèèjì lára, n kò sì rí wọn mọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ tí a sọ̀ kalẹ̀. Báàgì ọwọ́ mi, tí ìgò méjèèjì ìbá gbà dáadáa, wà lápá mi látàárọ̀. N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣe yín lọ́jọ́ ayọ̀ yín.

Ẹ má ṣe tú ìdè ẹnu ìgò kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ìgò tí a ti ṣí, bí ó ti wù kí a dé e padà tó, wọn kì í gbà á, nítorí àwọn kan a máa da wáìnì nù, wọn a sì rọ ọtí líle sínú ìgò rẹ̀.

Màmá, ó ku ọ̀rọ̀ kan tó ṣòro fún mi láti sọ, ṣùgbọ́n n kò ní fi pamọ́ fún yín. Ó ṣeé ṣe kí wáìnì ẹ̀gbọ́n yín ti bàjẹ́. Wáìnì tí a bá fẹ́ tọ́jú fún ọdún púpọ̀ nílò ibi tó tutù tó nǹkan bí ìwọ̀n sẹ́ńtígíréètì 13, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀, a sì máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí wáìnì lè máa kan kọ́ọ̀kì, kí kọ́ọ̀kì má bàa gbẹ. Orí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá ní Iléṣà, pàápàá ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tí iná kì í sábà sí, máa ń gbóná ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Bí a bá sì gbé ìgò nàró fún ọdún púpọ̀, kọ́ọ̀kì rẹ̀ yóò gbẹ, yóò sún kì, atẹ́gùn yóò sì máa yọ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo wáìnì ni wọ́n ṣe pé kí ó pẹ́. Ọ̀pọ̀ wáìnì pupa tí à ń rà lọ́jà ni ó yẹ kí a mu láàárín ọdún márùn-ún.

Ẹ gbé ìgò náà sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé lọ́sàn-án kí ẹ wò ó dáadáa. Bí wáìnì inú rẹ̀ bá ti fà sílẹ̀ kúrò ní ọrùn ìgò dé èjìká, bí kọ́ọ̀kì bá ti yọ orí sókè díẹ̀ lábẹ́ ìdérí, tàbí tí ẹ bá rí ipa ohun tó ti ṣàn gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀, ooru ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ pupa tó ti di bí omi ìpẹ̀tà náà kì í ṣe àmì tó dára.

Ìmọ̀ràn tí èmi yóò fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ fún yín: ẹ má ṣe gbé e lọ. Ẹ pe àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó wà nítòsí, kí ẹ ṣí i nílé kí ẹ tó gbéra, kí ẹ dárúkọ ẹni tó gbé e wá. Bí ó bá dùn, ẹ ó ti mu ún pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ti kan, inú ilé ni, láàárín ẹbí, kì í ṣe nídìí tábìlì tí agbáwo dúró tì. Ẹ rẹ ìgò náà sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ ṣí ìwé ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ gbé ìwé náà sínú Bíbélì tàbí ìwé mìíràn tí ẹ ń mú rìnrìn àjò. Òun ni kí ẹ gbé sórí tábìlì lọ́jọ́ náà.

Ní ti èyí tí ẹ ó mu lórí omi, ẹ lọ rà á ní Barcelona ní ọjọ́ tó ṣáájú. Agbègbè Penedès, tó wà ní Kàtálóníà nítòsí ìlú náà, ni èyí tó pọ̀ jù nínú wáìnì oníhòóhò tí wọ́n ń pè ní Cava ti ń wá. Inú ìgò gan-an ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ó hó lẹ́ẹ̀kejì, bí wọ́n ti ń ṣe ṣaǹpéènì, owó rẹ̀ kò sì tó ti ṣaǹpéènì. Ìgò kan tó kún máa ń wọ̀n ju kílò kan lọ, nítorí náà ẹrù yín láti ilé yóò fúyẹ́, kò sì ní sí ẹ̀rù pé ìgò fọ́ sórí aṣọ òkè tí ẹ fẹ́ wọ̀.

Ìbéèrè kejì, láti Lágéré, Ilé-Ifẹ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta fẹ́ wọ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ láti Miami lọ́dún tó ń bọ̀, ọdún mẹ́tàlélógún ni èmi tí mo kéré jù nínú wa. A kò fẹ́ràn wáìnì òyìnbó púpọ̀. Ṣé a lè gbé ẹmu, bíà Trophy àti ògógóró díẹ̀ dání?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o kú ètò. Ọkọ̀ tó bá gbéra láti Amẹ́ríkà kì í fi ọtí fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21, nítorí náà ọjọ́ orí yín kò ní dí yín lọ́wọ́. Ohun tí ẹ fẹ́ gbé ni ìṣòro.

Mo fẹ́ràn ẹmu, mo sì mọ ipò rẹ̀ nílé wa. Ìtàn ìṣẹ̀dá Ifẹ̀ kò ṣeé sọ láìdárúkọ ẹmu tí Ọbàtálá mu tó fi sùn lọ, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ náà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí adẹ́mu bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni ó ti ń hó, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó ti kan. Bí ẹ bá dé e pa sínú ike, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lára rẹ̀ yóò wú ike náà títí yóò fi bẹ́ sórí ẹrù yín àti ti ẹlòmíràn. Bí kò bá sì bẹ́, kò ní òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ lẹ́nu, wọn kò ní gbà á nínú ọkọ̀ òkun. Ẹ mu tiyín ní ìdí ọ̀pẹ kí ẹ tó lọ.

Trophy tí wọ́n ń pọn ní Iléṣà kò ní wọlé sí Carnival tàbí Royal Caribbean, nítorí wáìnì àti ṣaǹpéènì nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda nínú ọtí. Disney ni mo mọ̀ tó gba bíà: ìgò wáìnì méjì tàbí bíà mẹ́fà fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ gbàgbé ògógóró pátápátá. Àwọn ọkọ̀ tí mo dárúkọ wọ̀nyí kì í jẹ́ kí èrò gbé ọtí líle wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ òfurufú pàápàá kì í gbé ọtí tó bá lágbára ju ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àfi bí ó bá wà nínú ìgò tí ilé iṣẹ́ tà á sí, tí kò sì ju ìdá 70 lọ. Mo sì bẹ̀ ọ́, yálà lórí omi tàbí lórí ilẹ̀, má ṣe mu èyí tí o kò mọ ẹni tó pọn ọ́n. Ní ọdún 2015, ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Rivers.

Ìbéèrè kẹta, láti Mọ́dákẹ́kẹ́

Bí a bá ṣí wáìnì tiwa nínú ọkọ̀, tí a kò mu ún tán lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣé ó ti ṣòfò nìyẹn?

Ìdáhùn

Kò ṣòfò rárá. Bí ó bá jẹ́ pé yàrá ìjẹun ni ẹ ti ṣí i, ẹ sọ fún agbáwo pé kí ó bá yín tọ́jú rẹ̀. Yóò kọ nọ́ńbà yàrá yín sí i, yóò sì gbé e padà wá bí ẹ bá jókòó lálẹ́ ọjọ́ kejì. Bí inú yàrá yín ni, ẹ dé e, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì, ìbáà jẹ́ funfun tàbí pupa, yóò dára tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ yọ pupa síta fún nǹkan bí ìṣẹ́jú ọgbọ̀n kí ẹ tó mu ún, nítorí bí ó bá tutù jù, ẹnu kò ní mọ adùn rẹ̀. Èyí tó ń hó nìkan ni kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú. Ẹ pe àwọn ará yàrá kejì kí ẹ jọ mu ún tán.