Ìpara ni kí ẹ bẹ̀rù, kì í ṣe àpá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin ní jẹjẹrẹ kíndìnrín nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 4, wọ́n sì yọ kíndìnrín kan. Ó ti di ọmọ ọdún 19. Dípò kó bo àpá ikùn rẹ̀, ó lọ fín in sára igbá, ó ń fi fọ́tò rẹ̀ han gbogbo ayé. Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́. Wọ́n ní irú àpá bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ ìfọwọ́kàn, pé àrùn náà á jí. Mo ra ìpara kan lọ́jà, ó ti ń fi pa á fún ọ̀sẹ̀ méjì, síbẹ̀ kò rẹ́. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ “àrùn á jí” yìí ti sú mi í gbọ́ níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Jẹjẹrẹ kì í sùn sínú àpá. Bí abẹ bá ti la ara, ara á hun okùn tín-ín-rín dí ojú ibẹ̀, kò sì ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ojú àpá kì í fi í jọ ojú ara. Kò tán síbẹ̀? Kí ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ yàwòrán rẹ̀, kí ẹ fín in sára igbá ọgọ́rùn-ún, kò lè pe jẹjẹrẹ padà. Irú èyí tó máa ń mú kíndìnrín ọmọdé, tí dókítà ń pè ní Wilms, bó bá máa padà, láàárín ọdún 2 àkọ́kọ́ ló sáábà máa ń jẹ́. Tiyín ti lé ní ọdún 14.

Ìpara yẹn ló já mi láyà. Kíndìnrín kan ṣoṣo ló kù sí ọmọ yín nínú! Púpọ̀ nínú ìpara abóra tí wọ́n ń pò sínú ike tí kò lórúkọ ló ní mẹ́kúrì, kẹ́míkà olóró kan tó máa ń gba awọ wọlé, á sì ba kíndìnrín jẹ́. Mo ti tọ́jú egbò fún obìnrin kan tó fi irú rẹ̀ pa àpá ọmú: awọ ibẹ̀ ń bó bí èèpo iṣu sísè, ó ń ṣomi. Kí ọmọ yín má fi ìpara náà kan ara mọ́ láti òní lọ. Àgbo tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Oògùn ìrora ibuprofen náà, àfi tí dókítà bá ní kó lò ó.

Mo wo igbá náà pẹ́. Àpá náà gba abẹ́ ìhà kan dé ìkejì, ibi tó wú díẹ̀ lápá òsì ló fín jìn jù, kò fi pamọ́. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ lẹ ni iṣẹ́ igbá fínfín, ọmọ yín sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe é, ẹ bá mi kí i.

Tó bá fẹ́ fín ara gan-an, ìyẹn yàtọ̀: abẹ́rẹ́ lè mú kí àpá wú sí i lára àwa aláwọ̀ dúdú, abẹ́rẹ́ àjọlò sì lè kó HIV ranni. Làálì lásán kò burú, àmọ́ kì í ṣe dúdú tí wọ́n fi aró irun pò, ó máa ń jó awọ.

Mi ò tíì fojú rí ọmọ náà, nítorí náà ẹ má fi ìwé mi dípò dókítà rẹ̀. Ẹ lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí kó yẹ ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ gbé ike ìpara náà dání.