Yétúndé, Third Mainland, àti Ọkùnrin Orí Zoom

ÌBÉÈRÈ: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Yétúndé lorúkọ mi, ọmọ ọdún 34 ni mí, Gbàgádà ni mò ń gbé, Márínà sì ni ọ́fíìsì mi wà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí tí mi ò lè gba orí Third Mainland mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti gun afárá báyìí, àyà mi á máa lù kìkì, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, èémí á fẹ́ẹ̀ tán nínú mi, á dà bíi pé omi ń bọ̀ wá gbé mi. Ìgbà kan wà tí bíréèkì dánfó tí mo wọ̀ kò mú mọ́ lórí afárá yẹn, Ọlọ́run ló yọ wá, ṣùgbọ́n ìyẹn ti pẹ́, kò sì sẹ́ni tó fara pa.

Ọ̀rẹ́ mi kan júwe ọkùnrin kan tó ń fi hypnosis (á ní kí èèyàn dijú, kó gbájú mọ́ ohùn òun) wo ọgbẹ́ ọkàn lórí Zoom. ₦45,000 ni lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà la máa ṣe é. Ó ní òun á dá mi padà sẹ́yìn títí a ó fi débi tí ìbẹ̀rù náà ti ṣẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó bi mí ní ìtumọ̀ orúkọ mi, mo sì sọ fún un. Ní ẹ̀ẹ̀kejì tó ní kí n dijú, mo rí ìyá arúgbó kan tó ń rì sínú odò, ó sì ń ṣe mí bíi pé èmi gan-an ni. Mo sunkún títí. Ó ní ìyá àgbà ni mí, pé ikú omi ni mo kú láyé ọjọ́un. Mo pe màmá mi ní Ìkirè. Wọ́n ní orí bẹ́ẹ̀dì ni ìyá àgbà kú sí, pé wọ́n ti jẹ àmàlà alẹ́ wọn tán pàápàá. Nígbà tí mo sọ fún ọkùnrin yìí, ó ní á jẹ́ pé ayé tó ṣáájú ìyẹn ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n san owó ìyókù?

ÌDÁHÙN: Yétúndé ọmọ mi, má fi kọ́bọ̀ kún un mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ìgbà kẹta ni mo tó fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbólóhùn kan tí o sáré kọjá bí onígbèsè tó ń kọjá níwájú ilé ẹni tó jẹ lówó: dánfó tí bíréèkì rẹ̀ kò mú. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn. Àárín ọ̀rọ̀ báyìí làwọn èèyàn máa ń tọ́jú eegun rẹ̀ sí, wọ́n á wá fi "ó ti pẹ́" bò ó. O ò sọ ọdún tó ṣẹlẹ̀. Lọ wò ó. Tó bá jẹ́ pé kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni àyà rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í já, kí la tún ń wá lọ sí ayé ọjọ́un?

Hypnosis fúnra rẹ̀ kì í ṣe jìbìtì. James Braid, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Scotland tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, ló sọ orúkọ náà di mímọ̀ ní 1843. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí oorun ló ti yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oorun. Ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún ń gbọ́, ó sì ń fèsì. Ó kàn gbájú mọ́ nǹkan kan ni, bí ìgbà tí èèyàn ń wo fíìmù tí ìrẹsì fi jóná lórí iná. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́ lórí ìrora. Nílùú Ọba, ìlànà ìtọ́jú fàyè gbà á fún irú inú rírun kan tí oògùn kò ràn. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ tètè máa ń gba ohun tí wọ́n bá sọ sí i létí, ohun tó bá sì yà sọ́kàn á dà bí ohun tó fojú rí.

Ní 1952, nílùú Pueblo ní Colorado, l'Amẹ́ríkà, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Morey Bernstein dá ìyàwó ilé kan, Virginia Tighe, padà sẹ́yìn báyìí. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ará Ireland, ó ní Bridey Murphy lòun, pé 1798 ni wọ́n bí òun ní Cork. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ní 1956, ariwo sọ. Àwọn oníròyìn wá àkọsílẹ̀ ìbí rẹ̀ dé Ireland, wọn ò rí i. Ìwé ìròyìn Chicago kan ló wá kọ ọ́ pé nígbà tí Virginia wà lọ́mọdé, obìnrin Ireland kan tó ń jẹ́ Bridie Murphy Corkell ń gbé ní òdìkejì títì wọn. Èmi ò pè é ní òpùrọ́ o. Ohun tó ti gbọ́ rí, tó sì gbàgbé pé òun gbọ́, ni mo rò pé ọkàn rẹ̀ bù fún un.

Wàyí o, wo tìrẹ. Ọkùnrin yẹn mọ̀ pé omi ń bà ọ́ lẹ́rù. Ó bi ọ́ lórúkọ, o ní ìyá ló padà wá. Pa méjèèjì pọ̀, kí lo fẹ́ rí bí kò ṣe ìyá arúgbó nínú odò? Èmi náà ìbá rí i. Nígbà tí àmàlà ìyá àgbà wá tú u fó, ọkùnrin náà ṣí ìtàn rẹ̀ lọ sí ayé tó ṣáájú, síbi tí màmá rẹ kò ti ní fóònù.

Má rò pé mò ń fi àtúnwá ṣẹ̀sín. Babátúndé lorúkọ ọmọ mi kejì, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ bàbá mi ló gbé wá. Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, ni mo ti kọ́ṣẹ́, níbi tí Dókítà Adéoyè Lambo ti ń fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé láti nǹkan bí 1954, tí kò sì lé oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù, nítorí náà wọn ò kọ́ wa láti máa fi irú ìgbàgbọ́ yìí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, ìtùnú ni orúkọ yìí. Kò sẹ́ni tó ń gbé ọmọ jókòó pé kó ròyìn ikú tó pa bàbá àgbà.

O tún ṣoríire pé òkú lo rí. Àwọn kan máa ń rí àǹtí wọn tó wà láàyè, pé ó tì wọ́n mọ́ yàrá lọ́mọ ọdún mẹ́ta, wọ́n á wá lọ da ẹbí rú. Ní 1995, Elizabeth Loftus àti Jacqueline Pickrell gbé ìtàn irọ́ kan ka èèyàn 24 níwájú, pé wọ́n sọnù ní ilé ìtajà ńlá nígbà èwe wọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin gbà pé ó ṣẹlẹ̀, lódidi tàbí lápá kan, láìsí hypnosis níbẹ̀ rárá.

Kọ́kọ́ lọ rí dókítà, kí wọ́n yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ọkàn àti thyroid ọrùn rẹ wò. Lẹ́yìn náà kí o béèrè clinical psychologist, ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ àti ìdánrawò tọ́jú ọkàn, ní LUTH tàbí ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá. (Má jẹ́ kí orúkọ Yábàá lé ọ sá. Àwọn tó ń wọ kóòtù lọ sí bánkì kún ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè.) Ìtọ́jú tí wọ́n máa ṣe kò ní dídijú nínú. Díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa sún mọ́ afárá: ẹ lè kọ́kọ́ jókòó sí Oworonsókì láàárọ̀ Sunday, ìwọ àti ẹnì kan tó ní sùúrù. Àyà á lù, á ga, o ò ní sá, á sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Á yà ọ́ lẹ́nu. Tó bá yá, kí ẹnì kan wà ọ́ dé Adékúnlé, kí ẹ bọ́ọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí ìyẹn bá ti sú ọ ni kí ẹ tó lọ dé òpin rẹ̀. Má fọwọ́ ara rẹ wakọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí o sì ròyìn dánfó yẹn fún wọn tán, kóńdọ́ tó pariwo, ẹni tó di apá rẹ mú, gbogbo ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ṣé kì í ṣe hypnosis yìí ni àwọn gbájúẹ̀ fi ń mú èèyàn? Wọ́n á fọwọ́ kan èèyàn léjìká, onítọ̀hún á sì lọ kó owó bánkì fún wọn. — Bàbá Ìbejì, Ṣàgámù

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ilé, Bàbá Ìbejì. Rárá o. Àwọn èèyàn wà tí hypnosis kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn rárá, ẹni tó sì ràn ṣì lè kọ̀. Ìkánjú ni gbájúẹ̀ ń lò, àti ẹnì kejì tó máa ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ẹnì kìíní rí. Ìyàwó àbúrò mi pàdánù owó àjọ báyìí ní Ojúẹlẹ́gba. Oṣù méjì ló fi ń sọ pé wọ́n fọwọ́ kan òun ni. Ọjọ́ tí èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣa ẹ̀fọ́ ló rọra sọ ọ́ pé wọ́n fi dọ́là han òun.