Myomectomy àti Hysterectomy: Ìparí Wọn Jọra, Iṣẹ́ Wọn Kò Jọra

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Fibroid ń yọ àbúrò mi obìnrin lẹ́nu. Myomectomy ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fún un ní ọsibítù, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní hysterectomy ni wọ́n ṣe fún òun. Ṣé ọ̀kan náà ni méjèèjì? Àbúrò mi ṣì fẹ́ bímọ, ẹ̀rù sì ń bà á láti fọwọ́ sí ìwé náà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú aájò àbúrò yín o. Rárá, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bó bá jẹ́ myomectomy, fibroid nìkan ni wọ́n ń gé kúrò, ilé ọmọ á ṣì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ hysterectomy, ilé ọmọ gan-an ni wọ́n ń gé jáde, ẹni tí wọ́n ṣe é fún kò sì lè lóyún mọ́.

-ectomy tó parí ọ̀rọ̀ méjèèjì ló mú wọn jọra lójú yín. Inú èdè Gíríìkì ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni gígé nǹkan jáde. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ ohun tí wọ́n gé. Hystera ni àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ń pe ilé ọmọ. Myoma sì ni kókó tó hù láti ara iṣan, irú èyí tí fibroid jẹ́. Ní ti àwa Yorùbá, iwájú ọ̀rọ̀ la máa ń fi àfòmọ́ sí, bíi ti onílé àti àìsàn, bóyá ìdí nìyẹn tí ojú wa kì í fi í tètè lọ sí ìparí.

Ẹ ṣọ́ lẹ́tà wọn dáadáa o. -otomy jẹ́ lílà lásán: hysterotomy ni kí wọ́n la ilé ọmọ, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí, kí wọ́n sì rán an padà. -ostomy tún yàtọ̀. Stoma ni ẹnu lédè Gíríìkì, nítorí náà ojú ihò ni wọ́n ń ṣí. Ẹni tí wọ́n ṣe colostomy fún, ara ikùn ni ìgbẹ́ rẹ̀ ń gbà jáde sínú àpò.

Èyí tó ń já àwọn aláìsàn láyà jù ni -oma, wọ́n á ti rò pé jẹjẹrẹ ni. Lipoma jẹ́ kókó ọ̀rá, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Melanoma àti lymphoma, jẹjẹrẹ ni wọ́n. Glaucoma kì í tilẹ̀ ṣe kókó rárá, àìsàn ojú ni. Ẹ má fi ìparí yẹn nìkan dájọ́. Ti -itis kò le: ibì kan nínú ara ló wú, tó ń gbóná. Appendicitis ni àìsàn, appendectomy ni iṣẹ́ abẹ rẹ̀.

Kí àbúrò yín ka gbogbo ìlà inú ìwé náà kó tó fọwọ́ sí i. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń kọ “possible hysterectomy” tẹ̀ lé myomectomy, torí pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dá, ó lè di dandan kí wọ́n yọ ilé ọmọ láti dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Bó bá rí i níbẹ̀, kó bi dókítà pé kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀. Kó tún béèrè bóyá iṣẹ́ abẹ ni yóò fi bímọ lẹ́yìn èyí, nítorí ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan lẹ́yìn myomectomy.