Àdúrà tí kò jáde lẹ́nu

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó gbé gègé. O ní oyún kẹta bàjẹ́ mọ́ ọ lára lóṣù tó kọjá, àti pé láti ìgbà náà, bí o bá kúnlẹ̀, omijé nìkan ló ń jáde, pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: “Kí ló dé?” Àwọn tí ẹ jọ ń sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré. O wá ń bi mí bóyá èyí tí ò ń ṣe yẹn ṣì ń jẹ́ àdúrà.

Àdúrà ni. Inú sì bí mi sí àwọn tó sọ̀rọ̀ yẹn, kí n má purọ́. Ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Kí ni wọ́n fẹ́ kí o bá Ọlọ́run sọ? Ṣí Orin Dáfídì 13. Nínú ẹsẹ 2 àkọ́kọ́ nìkan, ìgbà 4 ni ẹni tó kọ orin náà bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ìkejìdínláàádọ́rùn-ún (88) tún le ju ìyẹn lọ: inú òkùnkùn ló parí sí, kò sí “ṣùgbọ́n” kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì.

Mo mọ̀ pé wọn yóò ti sọ ìtàn Hánà fún ọ títí etí rẹ yóò fi kún. Èmi kò ní fi ṣe ìlérí fún ọ pé ìwọ náà yóò bí Sámúẹ́lì. N kò mọ̀, àwọn náà kò sì mọ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yàtọ̀. Bí Hánà ṣe ń gbàdúrà fún ọmọ, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde, àlùfáà Élì rò pé ọtí ló ń pa á. Ó sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún Élì gan-an, lẹ́yìn náà ó lọ jẹun, kò sì fajú ro mọ́. Kò tíì lóyún nígbà yẹn o.

Wàyí o, gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ tí o sọ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ṣeré, pé lálẹ́ mìíràn ó ń wù ọ́ kí o má jí mọ́. N kò lè fò ó. Wòlíì Èlíjà náà tọrọ ikú lábẹ́ igi nínú aginjù. Ọlọ́run kò bá a wí. Ó sùn, áńgẹ́lì jí i pé kó jẹun, ó jẹ, ó mu omi, ó tún sùn, wọ́n tún jí i fún oúnjẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní òkè Hórébù, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sì ni.

Nítorí náà, sọ gbólóhùn yẹn fún ọkọ rẹ lónìí, bó o ṣe sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́. Kí ẹ jọ lọ rí dókítà, kì í ṣe nítorí oyún nìkan, nítorí oorun àti èrò yẹn pẹ̀lú. Bí èrò yẹn bá tún wá lóru, má dá wà. Jí ẹnì kan. Ní ti àdúrà, bí “Kí ló dé?” ló bá kù lẹ́nu rẹ, òun ni kí o gbà. Jókòó gbà á bí orúnkún bá ń dùn ọ́.

Kọ̀wé sí mi bí o bá ti rí dókítà. Mò ń retí rẹ̀.