Kí ni wọ́n ń pè ní «mímú ìlà kọ́ńtọ̀ jọ̀lọ̀»?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rèé: bí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ya máàpù bá ní àwọn ń mú ìlà kọ́ńtọ̀ jọ̀lọ̀, kí ni wọ́n ń wí gan-an? Ẹni tó béèrè tiẹ̀ fi kún un pé, àbí wọ́n ń purọ́ mọ́ ilẹ̀ kí àwòrán wọn lè dára lójú ni?

Ìfura yẹn kò burú rárá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò. Kọ́ńtọ̀ ni ìlà tó so gbogbo ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀. Ẹ ṣe bí ẹni pé omi kún bo ilẹ̀ títí gíga rẹ̀ fi di 100 mítà: ibi tí etí omi bá gbà yí òkè ká ni ìlà 100 gbà. Kí omi tún kún dé 110, ìlà mìíràn dé nìyẹn. Ìdí rèé tí ìlà méjì kì í fi í gba orí ara wọn kọjá (àfi níbi tí àpáta bá yọrí síta bo ìsàlẹ̀ rẹ̀), tí wọ́n sì máa ń fún mọ́ra níbi tí òkè bá dúró ṣánṣán. Láàárín àwọn ọdún 1770 ni Charles Hutton, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo irú ìlà bẹ́ẹ̀ láti ṣírò bí òkè Schiehallion ní Scotland ṣe tóbi tó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á nígbà náà, ọwọ́ èèyàn kì í sì í ṣẹ́ kọ́nà láìnídìí.

Kọ̀ǹpútà kò ní ọwọ́, kò sì rí òkè kankan rí. Ohun tó ní ni àwòṣe ilẹ̀ tí Miller àti LaFlamme, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, fún lórúkọ ní 1958, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní DTM (digital terrain model) báyìí. Bí ìwé ìṣirò onílà ni irú èyí tó wọ́pọ̀ jù ṣe rí: àpótí kéékèèké lọ súà, nọ́ńbà gíga kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìka igi àti ilé tó wà lórí ilẹ̀ mọ́ ọn. Bí àpótí kan bá jẹ́ 98, tí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 103, ẹ̀rọ á pín àárín wọn sí márùn-ún, á rin ìdá méjì láti ọ̀dọ̀ 98, á sì fi ìlà 100 síbẹ̀.

Nọ́ńbà wọ̀nyẹn kò sì ṣàìní àṣìṣe. Ká ní àṣìṣe náà jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà péré. Lórí òkè tó ń ga ní mítà kan láàárín mítà kan, ìlà á kàn yẹ̀ ní 20 sẹ̀ǹtímítà ni. Ta ló máa rí i? Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tó jẹ́ pé ó di 100 mítà kó tó ga ní mítà kan, 20 sẹ̀ǹtímítà yẹn náà á ti ìlà kúrò láyè rẹ̀ ní odindi 20 mítà. Ìlà á wá máa rìn kọ́lọkọ̀lọ bí ẹni tí ọtí ń pa, á máa ya òbìrí wínniwìnni kiri orí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Nítorí náà, tí a bá ń wá ẹni tó purọ́ mọ́ ilẹ̀, ìlà pálapàla yẹn ni ká kọ́kọ́ mú. Mímú un jọ̀lọ̀ ni yíyọ pálapàla tí kò sí nílẹ̀ kúrò lójú rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é, ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá sì ní fún méjèèjì lójú tèmi: rẹ́. A máa ń rẹ́ ẹ̀ka igi, a sì máa ń rẹ́ ògiri.

Rírẹ́ bí ẹ̀ka igi ni pé kí ẹ̀rọ ti fa ìlà tán, kó wá máa gé kọ́nà rẹ̀ dànù. Ọgbọ́n tí Chaikin, onímọ̀ àwòrán kọ̀ǹpútà, gbé jáde ní 1974 nìyẹn: lórí ẹsẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan (láti kọ́nà kan dé èkejì), mú ojú ibi ìdá kan nínú mẹ́rin àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, so wọ́n pọ̀, ju kọ́nà nù. Ó yá, ó sì dùn ún wò. Àmọ́ ìlà tí wọ́n ń rẹ́ kò mọ̀ pé òun ní aládùúgbò, ó sì lè lọ kọlu èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti odò. Níbi tí kọ́ńtọ̀ bá ti ré odò kọjá, ó máa ń ṣe ṣónṣó, tí imú rẹ̀ kọjú sí orísun omi. Imú yẹn gan-an ni ọ̀bẹ máa ń gé, odò á wá dà bí ohun tó ń ṣàn kọjá lára òkè dípò inú àfonífojì.

Rírẹ́ bí ògiri ni mo fara mọ́: ẹ fi ilẹ̀ náà ṣe, kí ẹ tó fa ìlà rárá. Àpótí kọ̀ọ̀kan á gba ìpíndọ́gba òun àti àwọn mẹ́jọ tó yí i ká. Ká ní àárín jẹ́ 120, tí àwọn mẹ́jọ jẹ́ 100. Àpapọ̀ 920, ẹ fi 9 pín in, 102 lé díẹ̀. Ojú ilẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ìlà ti jáde wá, wọn kò sì lè kọlu ara wọn mọ́. Ṣùgbọ́n bí 120 yẹn bá jẹ́ ṣóńṣó àpáta lóòótọ́ ńkọ́? Ẹ ti bẹ́ òkè lórí nìyẹn, nǹkan bíi 18 mítà. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tó gbọ́n kì í fi í rẹ́ ibi gbogbo bákan náà: á da amọ̀ nípọn sórí ilẹ̀ títẹ́jú, á fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kan orí òkè, kò sì ní fọwọ́ kan ipa odò tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ti sàmì sí.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ìlànà máàpù Amẹ́ríkà ti 1947 ní, nínú ibi mẹ́wàá tí a bá dán wò, àṣìṣe gíga kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì àlàfo (ìyẹn ìyàtọ̀ gíga láàárín ìlà méjì tó tẹ̀ léra) lọ ní ju ibì kan lọ; tí àlàfo bá jẹ́ 10 mítà, 5 mítà ni òpin. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ àwòṣe tuntun kúrò nínú ti àkọ́kọ́, kí ẹ wo ibi tí ìyàtọ̀ wọn wà. Bó bá fọ́n káàkiri láìní ojú ọ̀nà, àṣìṣe lẹ rẹ́ dànù. Bó bá tò tẹ̀lé odò, tó sì kó jọ sórí òkè, ilẹ̀ lẹ rẹ́ jẹ.