Aṣòfin Wa Bọ́ Sínú Ẹgbẹ́ Tó Ń Bú Tẹ́lẹ̀

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò wa ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́. Aṣòfin tí a dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ máa ń pe ẹnikẹ́ni tó bá fi ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ. Ní oṣù tó kọjá, òun náà fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀, ó bọ́ sínú èyí tó ń bú, ó ní nítorí ìdàgbàsókè àdúgbò wa ni. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí wa pé kí a dá aṣọ kan náà, kí a wá bá a yọ̀. Àwọn kan ní kí a lọ, nítorí ó gbẹ́ omi ẹ̀rọ fún wa. Ọmọ mi ní òṣèlú ni, kí n má bínú. Ṣé mo ṣẹ̀ bí inú bá ń bí mi? Ṣé òfin tilẹ̀ gbà á láyè?

ÌDÁHÙN

Bàbá, ẹ kò ṣẹ̀ rárá. Yíyí ọkàn padà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yí padà tọkàntọkàn yóò kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ àwọn tó rán an níṣẹ́, yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ti pè ní ọ̀dàlẹ̀, yóò sì gbà kí a fi òṣùwọ̀n tó fi wọn ẹlòmíràn wọn òun náà. Aṣòfin yín kó òṣùwọ̀n náà pamọ́ nígbà tó kàn án, ohun tí a sì ń pè ní àgàbàgebè nìyẹn.

Ní ti òfin, abala 109 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ kí sáà tó parí yóò pàdánù àga rẹ̀, àfi bí ẹgbẹ́ náà bá pín tàbí tó bá da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Ọ̀dọ̀ wa ní Àkúrẹ́ gan-an ni ẹjọ́ tó la ọ̀rọ̀ ìpínyà yìí yé gbogbo Nàìjíríà ti ṣẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ifedayo Abegunde wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Abuja lábẹ́ ẹgbẹ́ Labour ní 2011 láti ṣojú Àríwá àti Gúúsù Àkúrẹ́, lẹ́yìn náà ó bọ́ sínú ACN, ó ní ẹgbẹ́ Labour ti pín ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a ní 2015 pé ìjà inú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo kò tó: ìpínyà náà gbọ́dọ̀ kan ẹgbẹ́ náà jákèjádò orílẹ̀-èdè, débi pé kò ní lè ṣiṣẹ́ bí ẹgbẹ́ mọ́. Ó pàdánù ẹjọ́ náà, àmọ́ ó dùn mí pé nígbà tí ìdájọ́ yóò fi jáde, sáà ọlọ́dún mẹ́rin ọ̀hún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ibi tí òfin náà ti ń yẹ̀ nìyí. Olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni òfin ní kí ó mú un ṣẹ, lẹ́yìn tí òun tàbí aṣòfin kan bá ti mú ẹ̀rí tó tẹ́ ilé lọ́rùn wá. Bó bá wá jẹ́ pé inú ẹgbẹ́ olórí ilé gan-an ni aṣòfin náà bọ́ sí, ta ni yóò mú ẹ̀rí wá?

Abala yìí kò kan gómìnà àti igbákejì rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, Dókítà Olusegun Mimiko, tó jẹ́ gómìnà wa nígbà náà, kúrò nínú Labour lọ sí PDP, àga rẹ̀ kò sì mì. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí igbákejì rẹ̀, Alhaji Ali Olanusi, lọ sí APC, ilé aṣòfin sì yọ ọ́ nípò ní oṣù kẹrin ọdún 2015 lórí ẹ̀sùn ìwà àìtọ́. Ní 2017, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Àkúrẹ́ wọ́gi lé ìyọnípò náà. Ẹni tó bá to àwọn oṣù wọ̀nyẹn tẹ̀lé ara wọn yóò rí i pé ohun tí a fọwọ́ sí fún ọ̀gá ni a kò gbà fún igbákejì.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé a ti bínú lọ́nà tí kò dára rí. Igbákejì Olóyè Adekunle Ajasin, gómìnà wa láyé ọjọ́un, bọ́ sínú ẹgbẹ́ NPN. Nígbà tí wọ́n kéde ní 1983 pé igbákejì náà ló wọlé ìbò gómìnà, ẹ̀mí ṣòfò, ilé sì jóná nílùú yìí, bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ ló padà dá ipò Ajasin padà fún un. Kálàmù ni kí ẹ fi bínú.

Ní ti omi ẹ̀rọ, bó bá jẹ́ owó ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, owó yín ni, ẹ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè lọ́wọ́ ìjọba bí wọ́n ṣe ná an, ìjọba sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ méje. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Àkúrẹ́ sọ ní 2018, lórí ìwé ìṣirò owó ìpínlẹ̀ yìí kan náà, pé òfin ọ̀hún de ìjọba ìpínlẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì sọ bẹ́ẹ̀ ní 2025.

Nítorí náà, ẹni tó bá wù lè dá lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá aṣọ náà lórúkọ ẹgbẹ́ onílé. Ẹ kọ ìwé sí aṣòfin yín, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ṣọwọ́ sí olórí ilé. Ẹ bi í léèrè bóyá ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ ti pín jákèjádò Nàìjíríà, bí kò bá sì pín, ọjọ́ wo ni yóò fi àga náà sílẹ̀ kí ó lè padà wá tọrọ ìbò lábẹ́ ẹgbẹ́ tuntun rẹ̀. Kí àwọn onílé fọwọ́ sí i kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí ó bá fèsì, ẹ fi ìwé rẹ̀ ṣọwọ́ sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ sójú ewé yìí láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.