Ọdún mẹ́fà tí mo lò ní Grimsby

Àbúrò, o ní ìjọ yín fẹ́ rán ọ lọ ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Grimsby, létí òkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, o sì béèrè bóyá òótọ́ ni pé ọkàn àwọn ará ibẹ̀ ti kú sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ọdún mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ yẹn gan-an ni mo kọ sínú ìròyìn àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sílé. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìtìjú kì í jẹ́ kí n kà á tán.

Oṣù kejì ọdún ni mo débẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ lọ kí òkun ní Cleethorpes, ìlú tó fara ti Grimsby. Ẹrẹ̀ ni mo bá. Omi ti fà lọ réré, àwọn arúgbó tó ń mú ajá rìn nìkan ló kù síbẹ̀. Ọmọ Èkó ni mí, mi ò rí òkun tó ń kó kúrò nílé bẹ́ẹ̀ rí. Mo gba Freeman Street kọjá, ṣọ́ọ̀bù tó ti ilẹ̀kùn pọ̀ ju èyí tó ṣí lọ. Mo bá pinnu lọ́kàn mi pé ègún ló wà lórí ìlú náà.

Kì í ṣe ègún. Àwọn àgbà ibẹ̀ á sọ fún ọ pé láyé ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, kò sí èbúté ìpẹja tó tó tiwọn lágbàáyé. Apẹja á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú omi, á gbowó, á sì fi ọjọ́ mẹ́ta ná an ní Freeman Street kó tó pa dà. Olówó ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń pè wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ìjà òkun pẹ̀lú Iceland, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń lọ pẹja lómi rẹ̀, dé. Ní 1976, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà pé Iceland ló ni omi tó yí i ká títí dé 200 máìlì. Kọ́ọ̀dù ibẹ̀, irú ẹja tí wọ́n fi ń ṣe pánlá tí a ń fi sínú ẹ̀fọ́ nílé, bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Títí dòní wọ́n ṣì ń gé ẹja ní Grimsby, wọ́n ṣì ń yan án, ṣùgbọ́n láti Iceland àti Norway ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ọmọ ọ̀gá ọkọ̀ ló wá ń dúró nídìí ẹ̀rọ, tó ń fi ìyẹ̀fun bo ẹja ẹlòmíì.

Èmi ò mọ èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta. Bàbá arúgbó kan dúró, ó gbọ́ mi tán, ó wá ka Sáàmù 107 láìwòwé, ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣòwò nínú omi ńlá. Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí i sí. Epworth tí wọ́n ti bí John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, ní 1703, Lincolnshire tí Grimsby wà náà ló wà. Mẹ́tọ́díìsì yìí ni Thomas Birch Freeman gbé wá sí Badagry ní 1842 (orúkọ òun àti ti òpópónà yẹn kàn bára mu ni). Èmi ọmọ ẹni tí wọ́n gbé e wá fún wá gbé e pa dà, mo ń pariwo rẹ̀ sétí ẹni tó ni ín.

Ìyẹn kéré. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, mo wàásù láti inú Máàkù orí kẹrin, bí Jésù ṣe mú ìjì dákẹ́. Mo ní ọkọ̀ tí Jésù bá wà nínú rẹ̀ kì í rì. Màmá arúgbó kan dìde, ó mú kóòtù rẹ̀, ó jáde. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó láyà láti lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀.

Omi Iceland ni bàbá rẹ̀ bá lọ. Nígbà òtútù, omi tó ń ta sára ọkọ̀ níbẹ̀ máa ń di yìnyín. Wọ́n á máa fi àáké gbẹ́ ẹ, bí apá wọn ò bá ká a, orí ọkọ̀ á wúwo ju ìdí lọ, á sì dojú dé. (Ní Hull, òdìkejì odò Humber, ọkọ̀ mẹ́ta lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní 1968, ọkùnrin 58.) Wọn ò rí òkú bàbá náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń jẹ màmá yìí lọ́kàn. Èèwọ̀ ni fún ìyàwó apẹja láti fọ aṣọ lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá ń wọkọ̀, kí omi má bàa fọ̀ ọ́ lọ. Lọ́jọ́ yẹn, òun tó wà lọ́mọdé bì sára aṣọ, ìyá rẹ̀ sì fọ̀ ọ́. Ìyá náà ò dárí ji ara rẹ̀ títí tó fi kú, òun náà ò sì tíì dárí ji ara rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ní kò gba nǹkan kan gbọ́ nìyẹn o. Òyìnbó lè fi í rẹ́rìn-ín, ọmọ Yorùbá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lórí ìwàásù mi, mo wá sọ ti ilé wa fún un: bí bàbá mi ṣe kú, tí àwọn ẹbí sì ń wá ohun tí ìyá mi jẹ̀bi rẹ̀ kiri. A sunkún. Mi ò gbàdúrà lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n gbé òun lọ fi òdòdó sídìí ère apẹja tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì St James, ibẹ̀ ló ti ní kí n gbàdúrà, ó sì ní kí n má pariwo.

Àwọn tó rán ọ á máa béèrè iye ọkàn. Ìkànìyàn 2021 ti bà wọ́n lẹ́rù: nínú èèyàn 100 ní Ìǹgílándì àti Wales, nǹkan bí 46 ló pe ara rẹ̀ ní Kristẹni, nígbà tí wọ́n jẹ́ 59 ní 2011. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, mẹ́rìnlélógún ni wá, ọmọ Nàìjíríà tó ń tọ́jú arúgbó ni ogún nínú wa. Sọ iye náà fún wọn bó ṣe rí. Má sì ṣe ìṣọ́ òru nílé tí ògiri rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ti aládùúgbò. Mo ti ṣe é, mo rí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Màmá yẹn kò di ọmọ ìjọ wa. Ọjọ́bọ ló máa ń wá mu tíì. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kúrò ní Grimsby, ó pè mí láàárọ̀, ó béèrè ohun tí mò ń ṣe. Mo ní aṣọ ni mo fẹ́ fọ̀ kí n tó dì í sínú báàgì. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe dọ̀tí yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dì í.